Ilé tí Kòkó Kọ́

Bàbá bàbá mi kò wá sí Ìbàdàn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kìíní, wọ́n gbé e wá sí ọsibítù. Lẹ́ẹ̀kejì, òun fúnra rẹ̀ ló wọ mọ́tò ní Òkè-Igbó, ó ní òun ń lọ wo ilé tí wọ́n fi kòkó òun kọ́. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà. Bàbá mi, tó mú un dé Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Ó ní ńṣe ni bàbá dúró lẹ́bàá títì, ó ń gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń ka fèrèsé láti ìsàlẹ̀ lọ, títí fìlà fi ṣí lórí rẹ̀, tó bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kiri ọsàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó wá bi ọmọ rẹ̀ pé: "Àpò mélòó ni tèmi níbẹ̀?"

Ilé Kòkó ni mò ń wí, èyí tí gbogbo ará Ìbàdàn ń pè ní ilé àwòṣífìlà. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, àjà 26, gíga rẹ̀ tó mítà 105. Kò sí ilé mìíràn ní Nàìjíríà tó ga tó o lásìkò náà. Owó rẹ̀ kò ti òkè òkun wá. Àjọ tó ń ra irè oko nílẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn máa ń gba kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí wọ́n ti dá sílẹ̀, wọ́n á sì tà á fún òyìnbó ní iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrè tó wà láàárín méjèèjì wà lára ohun tí ìjọba fi ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ṣì fi ń yangàn dòní: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955, tẹlifíṣọ̀n WNTV lọ́dún 1959, pápá ìṣeré Liberty lọ́dún 1960, àti ilé gogoro yìí.

Mi ò ní sọ ọ́ bí ẹni pé inú àgbẹ̀ dùn sí i délẹ̀. Ilé náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin tí àwọn àgbẹ̀ fi dìde, tí wọ́n pe ara wọn ní Àgbẹ́kọ̀yà, tí ìjà owó orí gba gbogbo ilẹ̀ wa kan láti 1968 wọ 1969. Nítorí náà, mi ò rò pé bàbá àgbà ń ṣàwàdà nígbà tó béèrè àpò tirẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ni. A ò lè yọ kòkó kankan nínú kọnkéré mọ́ o. Ohun kan ṣoṣo tí a lè fi dá a lóhùn ni kí ilé náà máa ṣiṣẹ́.

Mo ti ń ru ọ̀rọ̀ yìí káàkiri láti bí ọdún mẹ́ta, láti ìgbà tí àwa mẹ́ta kan ti gba ilé àtijọ́ kan ní Òkè-Bọ́lá. Iṣẹ́ ìwé là ń ṣe: a ń tẹ̀ ẹ́, a ń gán an, a ń dì í. Ibi tí a wà tẹ́lẹ̀ ti há, owó ilé sì ń gorí ara wọn lọ́dọọdún. Ẹnìkan ló júwe ilé yìí fún wa, ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Oníṣòwò kan tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ló kọ́ ọ. Wọ́n fi símẹ́ǹtì ya "1962" sórí ìloro rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ilé ìkẹ́rùsí, ó gbòòrò, òrùlé rẹ̀ ga. Ọ́fíìsì wà lókè, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó kọjú sí títì. Láàárín ilẹ̀ ìsàlẹ̀, kòtò onígun mẹ́rin kan wà tí kò jìn ju orúnkún lọ, níbi tí òṣùwọ̀n máa ń jókòó sí. Gbogbo iwájú ilé náà látòkè délẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò, tí ihò wọn tò léra bí ojú ọpọ́n ayò.

Mo sọ pé búlọ́ọ̀kù oníhò, ṣùgbọ́n a ò rí ihò kankan lọ́jọ́ tí a débẹ̀. Ẹni tó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn ti kan pákó pẹlẹbẹ bò wọ́n láti inú, ó fi ẹ̀rọ amúlétutù há ojú fèrèsé, ó sì kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà aláwọ̀ eérú. Nígbà tó kó lọ, ó yọ ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi pákó sílẹ̀. Inú ilé náà ṣókùnkùn, ooru ibẹ̀ sì dà bí ti yàrá tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì. Ọkùnrin tí ẹbí tó ni ilé fi ṣe alábòójútó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní: "Ẹ má wulẹ̀ náwó sí i o. Wọ́n máa wó o. Ilé epo ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ ẹ̀ ṣe."

Ọjọ́ Sátidé ni a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pákó, kí a kàn lè rí iwájú ara wa ni. Òkú alángbá, ilé agbọ́n, ìwé òṣùwọ̀n tí ikán ti jẹ, eruku ogójì ọdún, gbogbo wọn dà lé wa lórí. Nígbà tí pákó kẹta jáde, ìwé tí mo fi àpò símẹ́ǹtì tẹ̀ sórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí ìkarùn-ún jáde, ìwé náà fò. Ó gba inú ilé kọjá, ó lọ lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn, lábẹ́ àwọn ihò kéékèèké kan tí ó wà lókè, tí a ti ń rí láti àárọ̀ tí a rò pé iṣẹ́ ẹyẹ ni. Ihò ojú iwájú ń gba atẹ́gùn wọlé, ihò òkè ẹ̀yìn ń tú ooru síta. Odidi ilé yẹn jẹ́ ẹ̀rọ, kò sì fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́. Wọ́n ti dí i nímú láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n wá ń sọ pé ó móoru.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ògiri ni mo lọ wò. Ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọdún 1952 ni wọ́n kó wá sí ibi tó wà lónìí, tọkọtaya ayàwòrán ilé kan láti Ìlú Ọba, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló sì ya àwọn ilé àkọ́kọ́ rẹ̀. Mo ti gba àárín àwọn ilé náà kọjá ní ọ̀pọ̀ ìgbà láìrí wọn. Lọ́jọ́ náà ni mo ṣàkíyèsí pé wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́: yàrá kan péré ló máa ń wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, kí atẹ́gùn tó bá wọlé níhìn-ín lè bá tọ̀hún jáde. Ẹ̀gbẹ́ tó kúrú ni wọ́n kọ sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà rí ògiri púpọ̀ jó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba ara ilé kọjá, òun ni agboòrùn. Wọ́n sì fi kọnkéré oníhò wọ ilé ìkàwé Kenneth Dike láṣọ, bí ìgbà tí èèyàn da àwọ̀n bora: ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, oòrùn kò wọlé, òjò kò sì ráyè dé ara ìwé.

Àwọn kan yóò ní òyìnbó ló kọ́ wọn, kí ló wá kàn wá nínú ogún wọn? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún. Òótọ́ ni pé àsìkò tí òyìnbó ń ṣèjọba lé wa lórí ni àwọn ilé UI wá, àwọn tó yà wọ́n kò sì béèrè lọ́wọ́ bàbá mi bó ṣe fẹ́ kí ó rí. Ṣùgbọ́n ta ló po símẹ́ǹtì náà? Ta ló kan pákó tí wọ́n dà á sí? Ta ló gbé irin gòkè? Àti pé, ṣé òyìnbó ló kọ́ Yorùbá pé kí ilé máa mí ni? Ẹni tó bá ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé lọ́sàn-án gangan, tí àkòdì wà láàárín, tí ooru ń bá ojú ọ̀run lọ, mọ̀ pé ọgbọ́n yẹn ti pẹ́ nílé.

Ní Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló dá yunifásítì náà sílẹ̀ lọ́dún 1961, wọ́n sì kó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ lọ́dún 1967. Arieh Sharon láti Ísírẹ́lì, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní iléèwé Bauhaus ní Jámánì, ló léwájú nínú yíya ọgbà náà. Ẹ wo àwọn ilé ẹ̀ka Ọnà tó wà níbẹ̀: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, èyí tó wà lókè rẹ̀ tún yọ jù ú lọ, bí ìgbà tí wọ́n dorí òkè kodò. Àjà kọ̀ọ̀kan ló ń ṣíji bo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀, òpó nìkan ló dúró, èèyàn àti atẹ́gùn jọ ń gbabẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ràn ilé yẹn débi pé, bí mo bá ní ìdí láti lọ sí Ifẹ̀, mo máa ń wá àyè wákàtí kan láti lọ jókòó lábẹ́ rẹ̀, láìṣe nǹkan kan.

Kí là ń ṣe sí irú ilé báyìí? Níbi gbogbo, àrùn kan náà ni. Wọ́n á fi gíláàsì dí ojú ihò, wọ́n á gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ síta, omi rẹ̀ á máa kán sára ògiri lọ́dún mẹ́wàá gbáko. Iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Owó epo á wọ́n, wọ́n á pa jẹnẹrétọ̀, gbogbo ilé á móoru. Wọ́n á wá pe ìpàdé, wọ́n á ní ilé àtijọ́ kò wúlò mọ́.

Bàbá bíríkìlà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni mo mú wá wo ilé tiwa. Àwọn tí mo kọ́kọ́ pè, ọ̀rọ̀ títáìlì nìkan ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n bàbá yìí fi ìka kan ara òpó, ó dẹ etí sí i, ó tún kan ibòmíràn. Níbi tí kọnkéré bá ti ṣófo nínú, ohùn rẹ̀ máa ń dá yàtọ̀. Ó mú mi lọ sókè, sórí dẹ́kìn pẹlẹbẹ tó bo ọ́fíìsì, ó fi ẹsẹ̀ tú ewé tó dí ojú ọ̀nà omi. Koríko ti hù níbẹ̀, igi ọ̀pọ̀tọ́ kékeré kan sì ti fìdí múlẹ̀.

"Ibí nìyí, ọmọ mi," ó ní. "Kì í ṣe ilé ló ti gbó. Omi ni kò rọ́nà jáde."

Ó ṣàlàyé fún mi, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́, nítorí ohun tó ń pa àwọn ilé ìgbà yẹn kì í ṣe ọjọ́ orí. Irin ló wà nínú kọnkéré. Níwọ̀n ìgbà tí kọnkéré bá bò ó dáadáa, irin náà á pẹ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá dúró lórí dẹ́kìn lọ́dún dé ọdún, á wá ojú kékeré tí yóò gbà wọlé, á dé ara irin, irin á dógùn-ún. Irin tó bá sì dógùn-ún a máa wú. Bó ṣe ń wú, á máa ti kọnkéré síta títí tí yóò fi là, tí yóò já bọ́. Nígbà náà ni omi á wá rí ẹnu ọ̀nà gidi. Ohun tí ìgbálẹ̀ kan àti ọmọdé kan lè dá dúró lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá dá, òun ló ń wó ilé alájà mẹ́wàá. Bàbá há àwọn ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ irin títí tó fi dán, ó kun ún, ó tún fi kọnkéré tuntun bò ó. Ọjọ́ mọ́kànlá ni. Ó ku igi ọ̀pọ̀tọ́, tó ní kí n fi ọwọ́ ara mi fà tu, kí n lè mọ bí gbòǹgbò rẹ̀ ṣe gùn tó.

Iná náà ti ṣe tirẹ̀ lára àwọn ilé gogoro wa. Ilé tẹlifóònù tó wà ní Marina l'Ékòó, àjà 32, tí wọ́n parí lọ́dún 1979, jóná lọ́dún 1983. Independence House tí wọ́n kọ́ l'Ékòó fún òmìnira jóná lọ́dún 1993. Ilé Kòkó fúnra rẹ̀ jóná ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1985. Bàbá mi ní òun lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, dúdú ni gbogbo ojú fèrèsé tí bàbá òun kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà lọ́dún 1992, àwọn èèyàn ṣì ń háyà ọ́fíìsì níbẹ̀ títí dòní. Lójú mi, ohun tó gbà á là ni pé ó ní ẹni tó ni ín tí kò lè dá a tà: Odù'a, iléeṣẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ tó ti ara Ìwọ̀ Oòrùn jáde jọ ni. Ogún àpapọ̀ ni, bí ilé ẹbí. Ilé ẹbí ní ìyọnu tirẹ̀, mo mọ̀, nítorí ó tó oṣù mẹ́jọ tí èmi náà fi jókòó nínú ìpàdé ẹbí tí kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n kò rọrùn láti fi òru tà á.

Ẹ wá fi èyí wé ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìkòyí. Wọ́n kọ́ ọ lọ́dún 1976. Ìjọba kó lọ sí Àbújá lọ́dún 1991, ó sì ṣófo. Lọ́dún 2006, wọ́n tà á fún àwọn tó fẹ́ sọ ọ́ di ilé gbígbé, ìmọ̀ràn tó dára lójú tèmi, nítorí ta ni kò mọ̀ pé ilé gbígbé ṣọ̀wọ́n l'Ékòó? Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló ta ilé, ìjọba Èkó ní òun ló láṣẹ lórí ilẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, ilé náà sì dúró síbẹ̀ láìní fèrèsé, òjò ń wọ inú rẹ̀ lọ́dọọdún. Kọnkéré rẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mọ́tò, mo sì ro gbogbo yàrá tó wà níbẹ̀, àti gbogbo èèyàn tó ń sùn sínú ìyẹ̀wù kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin nínú ìlú yẹn kan náà. Inú bí mi dé Ìbàdàn.

Kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì ni kí a fi iṣẹ́ tuntun wọ ilé àtijọ́. Ní ìlú yìí gan-an, lọ́dún 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán gba ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì kan, wọ́n sọ ọ́ di Mbari. Níbẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, J. P. Clark àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń pàdé, ibi ìṣeré wà níbẹ̀, ibi ìpàtẹ àwòrán sì wà. Ní ọdún kejì rẹ̀, Dúró Ládípọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo. Ilé ọtí tó ní, tí wọ́n ń pè ní Popular Bar, ló sọ di ilé eré. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni "mbari", ṣùgbọ́n etí Òṣogbo kò gbọ́ Ìgbò. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni "bí mo bá rí i, mà á yọ̀", bó ṣe di Mbárí Mbáyọ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò dúró de ilé tuntun. Ọtí kúrò, ìlù wọlé.

Ilé ìsìn kan wà ní Sámọ́ńdà, ti àwọn Dominican, tí Demas Nwoko yà ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọkùnrin yìí ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní Venice lọ́dún 2023 fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ilé náà kò di ahoro, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà: wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Ẹni tó bá ń lo ilé ló máa ń kọ́kọ́ rí i pé ó ń jò.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba Gbọ̀ngàn Eré orílẹ̀-èdè, National Theatre, tó wà ní Igánmú l'Ékòó, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú sí i. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣí i, iléeṣẹ́ Bulgaria kan ló kọ́ ọ bíi fìlà ṣọ́jà, ọdún kejì rẹ̀ ni FESTAC '77 gbabẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń jò, tí wọ́n ń sọ pé àwọn á tà á. Báyìí wọ́n ti tún un ṣe, owó báńkì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́ lọ́dún 2024, wọ́n sì ṣí i padà ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025. Inú mi dùn, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ilé tó lókìkí nìkan là ń ráyè fún. Ilé pósítọ́fíìsì àdúgbò, yàrá ìkàwé tí wọ́n kọ́ fún ìlú kékeré, ilé ìkẹ́rùsí kòkó, ta ni yóò pe báńkì sí wọn?

Pátákó ìjọba náà kò sì tó. Ilé Ìlọ́jọ̀, tí àwọn tó padà láti Brazil kọ́ sí ẹ̀bá Tinúbú Square ní nǹkan bí ọdún 1855, wà nínú ìwé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Nínú oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Bí wọ́n bá lè wó èyí tí òfin dáàbò bò fún ọgọ́ta ọdún, kí ni a ó sọ nípa èyí tí kò sí nínú ìwé kankan?

Ìdí nìyẹn tí a fi lọ bá ẹbí náà, tí a kò lọ bá ìjọba. Oṣù mẹ́jọ tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, ìpàdé ló kún inú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹbí fẹ́ ilé epo, mi ò sì lè bá wọn jà, owó rẹ̀ pọ̀. Màmá tó jẹ́ àgbà jù nínú wọn, ọmọ ẹni tó kọ́ ilé náà, kò sọ ohun kan fún ìpàdé mẹ́ta. Ní ìkẹrin, wọ́n bi wá pé:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ máa ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"Ìwé ni, Mà. A fẹ́ máa tẹ ìwé. A sì fẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò ríbi kà á."

Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní bàbá àwọn kò mọ ìwé kà rárá, ṣùgbọ́n lálaalẹ́ tí wọ́n bá ti wọn kòkó tán, ó máa ń ní kí akọ̀wé ka ìwé òṣùwọ̀n sí òun létí, orúkọ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti iye àpò rẹ̀. Bí akọ̀wé bá fo orúkọ kan, bàbá mọ̀. Mo jókòó níbẹ̀, ìbéèrè bàbá bàbá mi ń dún ní etí mi, mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n fún wa ní ọdún mẹ́wàá. Owó àtúnṣe tí a bá ná, a ó máa yọ ọ́ nínú owó ilé.

Kò rọrùn o. Páànù asbestos ló wà lórí ilé ìkẹ́rùsí, eruku rẹ̀ ló sì léwu, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Èyí tí kò tíì là, a kò fọwọ́ kàn án. Mẹ́rin tó ti là, a wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe: ó fi omi rin wọ́n dáadáa, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lódidi láìfọ́ wọn, ó fi ọ̀rá nínípọn dì wọ́n. Iye tó gbà dùn mí, n kò ní purọ́. Wáyà iná àtijọ́ kò dára rárá, gbogbo rẹ̀ ni a yọ. A fi pátíṣọ̀n pákó pín òkè, kò kan ògiri, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè yọ ọ́ láìfọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan la ṣe yàrá tó ní éésì fún, nítorí ìwé kò fẹ́ ọ̀rinrin. Ibi yòókù, ihò ló ń tọ́jú rẹ̀.

Kòtò òṣùwọ̀n, wọ́n ní kí a fi yẹ̀pẹ̀ dí i kí ọmọ má baà ṣubú síbẹ̀. A fi pákó ṣe ìjókòó yí i ká dípò bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, ọmọ mẹ́tàdínlógún ló máa ń wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á kàn síra, wọ́n á máa kàwé sókè fún ara wọn. Wọ́n fẹ́ràn kòtò náà ju àga tí a rà fún wọn lọ.

Búlọ́ọ̀kù oníhò mẹ́rìnlá ló ti fọ́ nínú ti iwájú, a kò sì rí irú rẹ̀ rà níbì kankan. Bàbá bíríkìlà ló mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n yọ ọ̀kan tó ṣì pé, wọ́n fi pákó gbẹ́ mọ́ọ̀dù rẹ̀, wọ́n po yanrìn àti símẹ́ǹtì, wọ́n ń dà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Méjì àkọ́kọ́ fọ́. Ìkẹta dúró. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni wọ́n parí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, wọ́n tò wọ́n sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi àpò bò wọ́n. Bàbá kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, pé kí n máa bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ kí wọ́n má baà gbẹ lójijì. Òní ni ọjọ́ kẹrin. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, mi ò tíì wọ́n ti ìrọ̀lẹ́.